Òṣùwọ̀n Ẹ̀tù Arvid Haugland

Arvid Haugland kò ka ẹnikẹ́ni sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́ ní ìlú Larkin, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pọ́n eyín ayùn nílé iṣẹ́ ìlagi, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò pè ní aláìmọ̀kan lójúkojú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí Inga ìyàwó rẹ̀ sì kú lẹ́yìn ọdún méjì, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń mú kí èèyàn kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun náà ni tábìlì gbọọrọ tó wà nínú gáréèjì rẹ̀, níbi tó ti máa ń ki ẹ̀tù tuntun sínú ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn, kí wọ́n lè tún un yìn.

Àwọn ọkùnrin Larkin kì í fẹ́ ọta inú páálí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọta tí wọ́n bá fọwọ́ ki fún ìbọn kan ló máa ń lọ síbi tí a bá rán an. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kò ju mẹ́ta lọ nínú wọn tó ní sùúrù láti jókòó ti iṣẹ́ náà. Àwọn yòókù á kó ìkarahun òfìfo jọ, wọ́n á gbé e lọ bá Arvid. Kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń gbà ni pé kí èèyàn dúró níwájú tábìlì rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kó máa gbọ́ bí gbogbo ayé ṣe gọ̀ tó. Àwọn mọ́kànlá ló ń ṣe é fún, Torval ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lára wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ojú Arvid ti ń lọ. Àárín ló ti ń lọ: bó bá tẹjú mọ́ nǹkan, ibi tó tẹjú mọ́ gan-an á ṣú, etí nǹkan náà á sì mọ́ kedere. Dókítà ojú ní Missoula ti sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé kò ní sàn, pé ńṣe ni yóò máa le sí i. Arvid pòṣé, ó ní ọmọ àná ni dókítà náà, ó ju ìwé rẹ̀ sínú sítóòfù onígi. Ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú síta, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ìkarahun wọ gáréèjì náà mọ́. Òun náà á wá di ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún nínú ike, tí wọ́n á sì máa pariwo sí létí bí ẹni pé adití ni. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ sóun, ó tẹ́ òun lọ́rùn kóun kú.

Nítorí náà ló ṣe ń dọ́gbọ́n. Ó mọ gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n rẹ̀, òṣùwọ̀n alápá irin àtijọ́ tó ní eyín ṣánṣán lára, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èékánná ka eyín náà. Á gbé ọmọ ìwọ̀n ńlá sórí eyín tó bá fẹ́, tí eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n márùn-ún, á sún ọmọ ìwọ̀n kékeré síbi tó yẹ, á sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo bí apá náà ṣe dúró. Ó ní òun ń rí i tó. Ẹ wo àgbàlagbà.

Ní oṣù kẹsàn-án, Rhonda Beaudry kan ilẹ̀kùn gáréèjì. Rhonda ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Emmett bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí yìnyín ń yọ́, ìbọn àtijọ́ kan ló fi sílẹ̀ fún un, ṣọ́ọ̀bù kankan kò sì ta ọta rẹ̀ mọ́. Rhonda fẹ́ pa ẹ́lìkì kan ṣoṣo, àgbọ̀nrín ńlá tó tó màlúù, kó lè rí ẹran jẹ títí òtútù á fi lọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?" Arvid bi í.

"Àwọn nǹkan tí mo fẹ́ rà ni, Ọ̀gbẹ́ni Haugland. Mo fẹ́ máa ki tèmi fúnra mi. Ọkùnrin kan ló kà wọ́n sílẹ̀ nínú fídíò."

"Ọkùnrin inú fídíò. Ó dá irùngbọ̀n sí?"

"Ó dá a sí."

"Ó dé fìlà tí wọ́n kọ nǹkan sí níwájú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Kà á, kí n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn." Òun fúnra rẹ̀ kò lè kà á, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan Rhonda.

Rhonda kà á. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún pọ̀. Tí èèyàn bá ti fa apá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde."

"Ọta mélòó lo fẹ́ yìn?"

"Bí ogún."

"Ogún, o wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹgbẹ̀rún. Tó o bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì kan, ṣé ilé ìyan búrẹ́dì lo máa rà ni? Iṣẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ojú mélòó lo fẹ́ fi ṣọ́ wọn? Pa á rẹ́."

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ìkarahun."

"Ẹ́lìkì ò ní bi ọ́ bóyá ó dán. Ọṣẹ àti omi gbígbóná nínú abọ́, kó o sá a sórí aṣọ. Pa á rẹ́."

"Iná kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ara ẹ̀rọ."

"Fèrèsé ńkọ́? Ṣé inú ihò lò ń gbé ni? Pa á rẹ́."

"Òṣùwọ̀n oníbátìrì."

Arvid gbójú sókè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn mọ́ ọn nìyẹn. "Gbọ́. Ohun yẹn, bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á yí ohùn padà. Bó o bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa sọ̀sọkúsọ. Àwọn tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́ ló ń rà á. Èyí tó wà lórí tábìlì mi yìí, ilẹ̀ ló ń fà á. Mi ò sì tíì gbọ́ ọ rí pé bátìrì ilẹ̀ tán."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni Rhonda wí, ó sì pa á rẹ́.

Arvid wá ka ohun tó yẹ kó rà fún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ onírin wíwúwo kan, tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mọ́ọ̀dù tó bá ìbọn bàbá rẹ̀ mu, àti òrùka tó ń di ìdí ìkarahun mú. Pátákó oníhò tí wọ́n ń to ìkarahun sí. Àrọ kékeré tí wọ́n fi ń da ẹ̀tù sínú ìkarahun. Awò tó ń dáàbò bo ojú. Òòlù oníke tí wọ́n fi ń tú ọta bí èèyàn bá ṣàṣìṣe, "torí wàá ṣàṣìṣe." Ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù, kó sì kà á kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. "Àti agolo ẹ̀tù kan. Kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé agolo ẹ̀tù méjì sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò bá a rìn, mi ò sì ní lọ síbi òkú ẹ̀."

Ká sọ tòótọ́, kò sí èyí tó burú nínú gbogbo ohun tó sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó gba ìmọ̀ràn yẹn bó ṣe rí. Ìwà Arvid ni pé òótọ́ nìkan kì í tó o, àfi kó fi í na èèyàn.

Rhonda ra gbogbo rẹ̀. Ó tún padà ra òṣùwọ̀n oníbátìrì, kò sì sọ fún Arvid. Rhonda kò ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n, ó sì fẹ́ ohun kan tí yóò máa yẹ ọwọ́ òun wò nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń wo òun. Ẹ̀rù ẹ̀tù ń bà á. Kò sì sí ohun tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó ẹ̀rù yẹn.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ló fi wá sí gáréèjì náà, ní Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Arvid sì fi í ṣẹ̀sín. Rhonda á wọn ẹ̀tù, á dà á padà, á tún un wọ̀n. Nígbà tí ìkarahun bá ti kún pátákó oníhò, á mú tọ́ọ̀ṣì, á tẹ̀ bá wọn, á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀tù inú wọn dọ́gba.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Arvid á ní. "Ṣé ẹyẹ ló yé síbẹ̀ ni?"

"Mò ń wò ó ni."

"Ọjọ́ tó o bá wò ó tán, ẹ́lìkì á ti darúgbó."

Ní Sátidé kẹrin, Rhonda ti ki mẹ́wàá, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá kejì. Ó ti wẹ ọwọ́, ó ti gbé òṣùwọ̀n Arvid padà sórí òdo gẹ́gẹ́ bí Arvid fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Sùúrù Arvid tán. "Dìde. Wá wo bí àgbà ṣe ń ṣe é." Ó jókòó, ó fi èékánná ka eyín òṣùwọ̀n, eyín keje ló ń wá. Ó gbé ọmọ ìwọ̀n ńlá lé e, ó sún kékeré síbi tó yẹ, ó sì ki mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Kò tan tọ́ọ̀ṣì, kò tún ohunkóhun wọ̀n. Nígbà tí Rhonda lọ, Arvid kò sún ohunkóhun kúrò níbi tó wà lórí òṣùwọ̀n náà. Ìbọn Torval àti ìbọn Emmett, oríṣi kan náà ni wọ́n, ìwọ̀n ẹ̀tù kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ló bá fi ki ogún fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé e lọ fún un lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ìlú máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn láti yẹ ìbọn wò kí ìgbà ọdẹ tó ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí Rhonda fi dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó gbé àpótí kékeré kan dání.

"Ọ̀gbẹ́ni Haugland, ọta mẹ́wàá tẹ́ ẹ ki fún mi, gbogbo wọn ló wúwo ju tèmi lọ. Iye kan náà ni wọ́n fi wúwo jù ú."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Ó ṣí àpótí náà. Arvid rí etí ohun funfun kan tó pẹlẹbẹ, ó sì mọ ohun tó jẹ́. "O ra ohun ìṣeré yẹn. Mo ní kó o pa á rẹ́."

"Mo tú ọ̀kan. Ìwọ̀n ẹ̀tù mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú ẹ̀. A fẹnu kò sí mọ́kàndínlógójì. Ìwé ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá mọ́kànlélógójì."

"Bátìrì ẹ ló ń purọ́."

"Mo fi irin tí wọ́n fi ń dán an wò sórí ẹ̀. Kò purọ́. Ẹ ka tiyín fún mi."

Òṣùwọ̀n alápá náà wà níbi tó fi í sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Mọ́kàndínlógójì," ni Arvid wí.

"Ẹ ò tíì wò ó."

"Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń wò ó. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ wò?"

Rhonda gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ bá òṣùwọ̀n náà, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde bó ti máa ń ṣe. "Orí eyín kẹjọ ni ọmọ ìwọ̀n ńlá wà," ó ní. "Keje ló yẹ kó wà." Ó nàró, ó wo ojú bàbá náà, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Haugland, ṣé ẹ ń rí i ni?"

Bí ojú bá ṣepin, ojú ni à á fi í hàn. Ṣùgbọ́n Arvid kò tíì fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀ àfi ẹ̀gàn. Ojú máa ń tini láti sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kò kọ́kọ́ rò ó pé irin ìbọn lè bẹ́ lójú obìnrin yìí. Kò sì rò ó pé ẹ̀gbọ́n òun wà ní pápá pẹ̀lú ogún irú ọta bẹ́ẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?" ni ohun tó bi í.

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé ẹ fi òṣùwọ̀n yìí ki ti ẹlòmíì?"

Arvid gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó mọ ìdáhùn, ó sì mọ̀ pé Torval kì í pẹ́ dé pápá. Síbẹ̀ ó dúró, ó ń ro bí òun ṣe lè lọ yọ́ àwọn ọta náà mú nílé Torval lálẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ọkùnrin kan bá kéré, ẹ má wo gíga rẹ̀.

"Ta lẹ ki í fún?"

"Torval," ó ní. "Ìbọn ayé ijọ́un lágbára. Kò lè sí nǹkan kan."

Rhonda ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Torval kì í mú fóònù dání, fóònù kì í sì í wọlé nísàlẹ̀ òkè tí pápá náà wà. Arvid wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e nítorí ojú ń tì í láti dúró sílé.

Nígbà tí wọ́n dé, bí èèyàn méjìlá ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń gbọ́ ti Glenn Pruitt, ẹni tí ń ṣàkóso pápá. Torval jókòó sí tábìlì kẹta. Ó ti yin ọ̀kan. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá apá irin tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn ìbọn náà, kò ṣí.

"Arvid," ó ní, "èyí tó o ṣe lọ́tẹ̀ yìí le o. Ó fẹ́ gbé èjìká mi lọ, ìkarahun ẹ̀ sì há mọ́ ọn nínú."

"Má yìn ín mọ́."

Glenn gbọ́, ó sì fọn fèrè. Gbogbo wọn gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn, nítorí òfin pápá ni. "Kí ló dé?" Glenn bèèrè.

Gbogbo ojú wà lára Arvid. Ó sì parọ́. "Ẹ̀tù ọdún yìí ò dáa," ó ní. "Àwọn tó ń ṣe é ò mọ iṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kó síbẹ̀."

Rhonda yí ojú sí i. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò.

"Ẹ̀tù wo?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Agolo kan ẹ̀ wà nílé mi. Ṣé kí n dà á nù?"

"Tèmi ńkọ́?" ni òmíràn wí. "Oṣù tó kọjá lo ki tèmi. Ẹ̀tù ìgbà yẹn ṣì dáa, àbí?" Ó ti mú páálí ọta náà jáde látinú ọkọ̀, ó gbá a mọ́yà, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Arvid wò ó. Kò rí ojú ọkùnrin náà, ó rí etí rẹ̀ méjèèjì àti fìlà rẹ̀. Òun ló ki ọta inú páálí yẹn, kò sì lè sọ eyín tí ọmọ ìwọ̀n wà nígbà tó ń ki í. Kò lè sọ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Kì í ṣe ẹ̀tù," ó ní. "Ojú mi ni. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ má yin ohunkóhun tí mo ki."

Ẹni tó gbá páálí mọ́yà rọra gbé e sórí tábìlì. Ẹlòmíràn lọ sí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú tirẹ̀ wá, ó gbé e tì í. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, páálí ń pọ̀ sí i lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn kò sì bá Arvid sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá bú u, ì bá sàn.

Torval ṣì jókòó. "Láti ìgbà wo?" ó bi í.

"Ọdún tó kọjá."

"Ṣáájú ìgbà ọdẹ tàbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Arvid ì bá parọ́. Ó rẹ̀ ẹ́. "Ṣáájú."

Torval dìde. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, kì í yára dìde. "Ọdún tó kọjá, Kirsten ọmọ ọmọ mi ló yin ìbọn yìí. Àkọ́kọ́ tó máa yìnbọn láyé ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wà lórí igi ìbọn. Ọta tìrẹ ni. Ìwọ náà dúró síbi tó o dúró sí yìí, o pàtẹ́wọ́ fún un, o ní kó yin òmíràn."

Arvid la ẹnu. Fún àádọ́ta ọdún kò sí ìgbà tí èébú kò tètè wá sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò rí ọ̀kan.

Torval kò dúró de èsì. Ó kó àwọn ìkarahun òfìfo tó fẹ́ gbé fún Arvid jọ sínú àpò, ó rìn kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó dúró níwájú Rhonda. "Ìwọ lo rí i, àbí?"

"Mo kàn wọ̀n ọ́n ni."

"Ìbọn tèmi àti ti bàbá ẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí wọ́n bá bá mi ṣí i, ṣé o lè ki ogún fún mi kí ìgbà ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, Ọ̀gbẹ́ni Torval. Mi ò yára. Bóyá mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá tó mi," ni Torval wí, ó sì gbé àpò náà lé e lọ́wọ́ lójú Arvid.